Ẹkún Ìyàwó Tí Kò Tíì Tó Àsìkò

Orí òrùlé ni Saeed wà nígbà tó kọ́kọ́ rí Ìdáyátù, díẹ̀ ló sì kù kó já bọ́.

Mi ò sọ àsọdùn o. Ilé kan ní Gwarinpa, nílùú Abuja, ni wọ́n ti pè é pé kó wá tún sólà ṣe. Oòrùn Sátidé ti mú, ó fi ẹsẹ̀ kan ti páànù, ó ń tú nọ́ọ̀tì, ni ohùn kan bá ta sókè láti àgbàlá kejì. Ohùn obìnrin ni. Ó nípọn, ó dùn, ó sì ń gòkè láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín ń fi ipá tì í. Saeed na ọrùn, ó wo ìsàlẹ̀.

Ìyàwó tuntun kan ló kúnlẹ̀ níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀, ó fi ìborùn bojú. Abuja ni wọ́n bí ìyàwó yìí sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹnu rẹ̀ ni kò gbé e. Nítorí náà ẹlòmíì ló ń bá a sun ẹkún ìyàwó: ọmọbìnrin kan tó wọ àdìrẹ, tó gbé ọwọ́ lé ìyàwó léjìká, tó di ojú, tó ń dágbére fún òbí ẹni ẹlẹ́ni.

"Bàbá mi, mo ń lọ o,
ilé tí mo ti ń jẹun láìbèèrè ẹni tó sè é.
Ìyá mi, ẹ má wojú mi,
bí ẹ bá wojú mi, ẹsẹ̀ mi ò ní lè kọjá ìloro."

Bàbá ìyàwó fi etí agbádá nu ojú. Ìyá ìyàwó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní òkè, sípánà bọ́ lọ́wọ́ Saeed, ó ró gbàgà lórí páànù, ó yí gbirigbiri, ó sì balẹ̀ sáàárín àgbàlá àwọn onígbeyàwó. Ọmọbìnrin náà la ojú kan ṣoṣo, ó wò ó lókè, ó tún ojú náà dì, ó ń bá ẹkún rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó máa fi ọmọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dà á láàmú fún yín. Ọmọ Ìlọrin ni Saeed, Nyanya lẹ́bàá Abuja ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Ariwo Rere. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, orin tí àwọn fúnra wọn ṣe, ní Yorùbá. Òun ń ta gìtá. Shalom, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Kíkẹ́olúwa, ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Gwarinpa, ló ń lu ìlù òyìnbó, ibi tí bàbá rẹ̀ ń gbé mọ́tò sí ni wọ́n sì ti ń dánrawò. Gbogbo nǹkan ló pé, àfi akọrin. Èkíní lọ sí Kánádà láìdágbére. Èkejì rí ẹgbẹ́ tó ń kọ orin olórin níbi ìgbéyàwó, ó ní ibẹ̀ ni ẹran wà. Ẹ̀kẹta ń wá nígbà tó bá wù ú, ìgbà tó ń wù ú kò sì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Saeed. Ẹni tó máa dúró ló ń wá, ẹni tí orin wọn máa ká lára bó ṣe ká òun lára. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì pé bí òun ò bá rí i lọ́dún yìí, òun á tú ẹgbẹ́ náà ká, òun á gbájú mọ́ sólà òun.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu géètì àwọn onígbeyàwó. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin náà jáde, sípánà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ fi irin pa ìyàwó lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀?"

"Ẹ má bínú. Ohùn yín ló fà á."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ohùn mi ló ju sípánà?"

Saeed fi ọwọ́ ra orí. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹgbẹ́ olórin kan. À ń wá akọrin. Rọ́ọ̀kì la máa ń kọ."

"Èyí tí wọ́n ń ké bí ẹni tí wọ́n jí mọ́tò rẹ̀ gbé?"

"Àwa náà ń ké o. Ṣùgbọ́n Yorùbá la fi ń ké, ọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà. Ó ní Ìdáyátù ni orúkọ òun, pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun, àti pé bàbá òun, Àlàájì Tájù, ló ń ta ike àti ìkòkò ní ọjà Wuse. "Bàbá mi ò fẹ́ kí n kọrin níbì kankan. Ó ní ọmọ òun ò ní di alágbe. Ẹkún ìyàwó nìkan ló gbà mí láyè, torí ìyá àgbà ló fi kọ́ mi, mi ò sì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ kàn wá gbọ́ wa lẹ́ẹ̀kan."

"Màá wá gbọ́," ni Ìdáyátù wí, ó sì dá sípánà rẹ̀ padà fún un. "Gbígbọ́ yàtọ̀ sí kíkọ o."

Ó wá lóòótọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó sórí táyà àlòkù kan, ó káwọ́ lẹ́rán, ó ń gbọ́ títí wọ́n fi parí. Nígbà tó tún wá, ó ní ìlù wọn ń sáré fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Kíkẹ́olúwa ṣe ojú burúkú sí i, ṣùgbọ́n ó dẹ ìlù náà, orin sì dára sí i. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó dìde fúnra rẹ̀, ó gba máìkì lọ́wọ́ Saeed, ó kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó parí, Shalom ní, "Kai!"

Saeed gbé gìtá kalẹ̀. "Ìdáyátù, mi ò fẹ́ tàn ọ́. A ò wá ẹni tó máa bá wa ṣeré tán kó gba ibòmíì lọ. Ẹni tó máa dúró là ń wá."

"Akọrin lò ń wá ni, àbí ìyàwó?"

Kíkẹ́olúwa bú sẹ́rìn-ín, ọ̀pá ìlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Saeed wo ilẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ló bi í.

"Akọrin," ló wí.

"Ó dáa. Màá dúró." Ojú Ìdáyátù wá le díẹ̀. "Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà. Bàbá mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un, nígbà tí mo bá rí ojú rere rẹ̀. Bó bá gbọ́ ọ níta, ó ti parí nìyẹn, àti orin o, àti ẹkún ìyàwó o."

Gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé Saeed náà gbà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé, bí Ìdáyátù bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, á bọ́ sínú mọ́tò, á wá sí Gwarinpa. Saeed á sìn ín dé ibi tí á ti wọkọ̀ padà, wọ́n á dúró síbẹ̀, mọ́tò á kún, mọ́tò á lọ, wọn ò ní rí i. Ó ń pe Ìdáyátù ní Ọ̀gá Akọrin. Ìdáyátù ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Sípánà. Ẹni tó bá rí wọn á ti mọ̀. Àwọn nìkan ni ò tíì sọ ọ́.

Ọjọ́ kan wà tí iṣẹ́ sólà gbé Saeed lọ sí Kwali, Ìdáyátù náà sì fẹ́ lọ wo ìkòkò amọ̀ lọ́hùn-ún fún ọjà bàbá rẹ̀, ni wọ́n bá jọ lọ. Nígbà tí iṣẹ́ tán, wọ́n jókòó sábẹ́ igi lẹ́bàá títì, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun, ìkòkò Ìdáyátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú koríko. Obìnrin tó ta àgbàdo fún wọn kí wọn, "Sànnu," ó sì béèrè lọ́wọ́ Saeed bóyá ìyàwó rẹ̀ nìyí. Saeed ti àgbàdo bọ ẹnu.

"Kí ló dé tí o ò dá a lóhùn?" ni Ìdáyátù bi í.

"Mi ò fẹ́ parọ́. Mi ò sì fẹ́ sọ pé rárá."

Ìdáyátù yọ hóró àgbàdo mẹ́ta sẹ́nu, ó rọra jẹ ẹ́. "Sípánà."

"Mo ń gbọ́."

"Àwọn ọkùnrin ti ń wá bá bàbá mi nítorí mi. Gbogbo wọn ló ń sọ pé bí àwọn bá ti fẹ́ mi, mi ò ní kọrin mọ́, ẹkún ìyàwó gan-an mi ò ní sun fún ẹnikẹ́ni. Inú bàbá mi ń dùn. Èmi ni mò ń kọ̀. Tìrẹ ńkọ́?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ìdáyá," ni Saeed wí, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. "Bó o bá kọrin, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Bó o bá dákẹ́, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ìyẹn ti dára," ló wí, ó sì fún un ní ìyókù àgbàdo rẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá mọ Ìdáyátù mọ̀ pé kì í fún ènìyàn ní àgbàdo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí o. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ Gwarinpa, Ìdáyátù ní kí òun fi ẹkún kan dán máìkì wò. Kì í ṣe èyí tó ń sun fún ìyàwó ẹlẹ́ni. Tirẹ̀ ni, èyí tí ìyá àgbà kọ́ ọ sílẹ̀ de ọjọ́ tirẹ̀: "Èmi Àjọkẹ́ ọmọ Tájù, mo ń lọ sílé ọkọ." Ó fi oríkì pe ara rẹ̀, ó dárúkọ bàbá, ó dárúkọ ìyá, ó ki agboolé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹgbẹ́ wọn a sì máa gba gbogbo ohùn sílẹ̀ sórí fóònù bí wọ́n bá ń dánrawò. Nígbà tí Saeed délé, tó tún gbọ́ ọ, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó fi gìtá sí i lábẹ́, jẹ́jẹ́. Ó ti di orin.

Àwọn kan ń ṣètò eré ńlá fún ẹgbẹ́ tuntun nílùú Abuja nígbà náà, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi orin kan ránṣẹ́, kí wọ́n sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn èèyàn gbọ́. Saeed fi èyí ránṣẹ́. Ó fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu ayọ̀ fún Ìdáyátù. Ó ní ohùn nìkan ni, kò sí àwòrán, ta ló máa dá a mọ̀? Ọmọ Nyanya ni, ẹ ṣàánú rẹ̀. Létí tirẹ̀, orin dídùn ni ẹkún ìyàwó. Kò mọ̀ pé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọbìnrin tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ bàbá rẹ̀ nínú ẹkún ti kó ẹrù ilé ọkọ tán.

Orin náà ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn títí ó fi dé agboolé wọn. Tọmọdé tàgbà gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Àṣé ọmọ Tájù ń relé ọkọ, Tájù ò wí fún wa!" Àwọn kan bínú. Àwọn kan ní bóyá oyún ti wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi í pamọ́. Àǹtí Sàlímọ́tù, ẹ̀gbọ́n Àlàájì, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó di iṣu, ó di èlùbọ́, ó wọkọ̀, ó dé ọjà Wuse lọ́sàn-án gangan, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Tájù, kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi fẹ́ fa ọmọ rẹ fọ́kọ lẹ́yìn mi?"

Àlàájì rò pé ooru ló mú ẹ̀gbọ́n òun. Àǹtí Sàlímọ́tù na fóònù sí i. Níbẹ̀, láàárín ike àti ìkòkò, ni Àlàájì Tájù ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń dágbére fún un, tòun ti gìtá.

Ìdáyátù kò pariwo nígbà tó dé Gwarinpa. Ìbá sàn kó pariwo.

"Saeed, ta ló fún ọ láṣẹ?"

Ó ti pẹ́ tó ti pè é ní Saeed gbẹ̀yìn. "Ìdáyá, mo rò pé..."

"Ẹkún tí obìnrin ń sun lẹ́ẹ̀kan láyé, o gbà á lẹ́nu mi, o fi ṣọrẹ. Bàbá mi ò bá mi wí o. Ó kàn bi mí pé, 'Ṣé ẹnu ará ìta ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ?'" Omi yọ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kúrò. "Ẹ wá akọrin mìíràn."

Ó lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì gan-an ni ìdáhùn dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò eré: wọ́n ti mú Ariwo Rere, nítorí orin yẹn, kí wọ́n sì má kọ òmíràn. Kíkẹ́olúwa wo Saeed. Shalom ló sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ilé wọn ti gbé iṣu wá. Gbogbo ayé ti gbà pé ó ń lọ́kọ. Lọ sọ pé ìwọ ni ọkọ ọ̀hún! Ìtìjú tán, ìgbéyàwó ṣe, a sì kọ orin wa."

Ó wọ Saeed létí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ó rò ó dáadáa. Bàbá tí ìtìjú bá kò ní lè sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ó rí ojú Ìdáyátù lọ́kàn rẹ̀.

"Bí mo bá fẹ́ ẹ báyìí, olè ni mí lẹ́ẹ̀mejì," ló wí.

Ó pa orin náà rẹ́ níbi gbogbo tó gbé e sí. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò eré pé àwọn ò ní lè wá. Lẹ́yìn náà ló gba Wuse lọ, ó kí wọn, "Àsàlámù àlékúmù," ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí Àlàájì àti Àǹtí Sàlímọ́tù jókòó sí.

"Èmi ni mo ṣe é, sà. Ìdáyátù ò mọ nǹkan kan. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí oyún. Àìmọ̀kan mi ni. Bí ẹ bá gbà mí láyè, màá fi ohùn ara mi sọ ọ́ fún gbogbo agboolé."

Àlàájì wo òkè. Àǹtí Sàlímọ́tù ló gbé fóònù fún un. Níbẹ̀, lórí ìdọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú Yorùbá ọmọ Nyanya rẹ̀, Saeed dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí kò rí rí. Àwọn ọlọ́jà ti pé jọ. Nígbà tó parí, Àlàájì ní, "Dìde. Máa lọ." Ṣùgbọ́n nígbà tó ti lọ tán, Àǹtí Sàlímọ́tù ní, "Tájù, ọmọ yẹn ya òmùgọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpùrọ́."

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ariwo Rere kò wá akọrin mìíràn. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń lu orin tí kò ní ohùn nínú, wọ́n ń túká.

Sátidé kan ni Ìdáyátù yọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti sọ fún bàbá mi," ló wí. "Mo ní, orin ni mò ń kọ, kì í ṣe ẹkún nìkan, ó sì ti pẹ́. Ó bínú fún ọjọ́ mélòó kan. Ó wá ní ta ni ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀ ọjà." Ó yíjú sí Saeed. "O sọ eré ńlá nù nítorí mi, o ò sì wá sọ ọ́ fún mi kí n lè yìn ọ́. Kíkẹ́olúwa ló sọ fún mi."

"Mi ò ṣe é fún ìyìn."

"Mo mọ̀. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Láti òní lọ, orin kankan ò ní jáde láìjẹ́ pé èmi náà fọwọ́ sí i."

"O ti ṣẹ́gun, Ọ̀gá Akọrin."

"Lọ wẹ̀, Sípánà. Bàbá mi ń pè ọ́."

Nínú pálọ̀ wọn ní Kubwa, Àlàájì Tájù jẹ́ kó jókòó, ó bu omi fún un, ó sì wò ó títí. Ìdáyátù àti ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o fẹ́ ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bó o bá fẹ́ ẹ, ṣé yóò ṣíwọ́ orin?"

Saeed mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, sà: ọ̀rọ̀ kékeré ni, ìyàwó ló sì wà nídìí rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, sà. Mo ti gba ohùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní ṣe é mọ́. Òun ni kí ẹ bi."

Àlàájì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Gbogbo àwọn tó ti wá ló bá a dáhùn," ló wí jẹ́jẹ́. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Àjọkẹ́, ìwọ ńkọ́?"

Ìdáyátù kúnlẹ̀. "Bàbá mi, mo fẹ́ ẹ. Mo sì fẹ́ máa kọrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní méjèèjì."

Àlàájì mí kanlẹ̀. "Ní kí àwọn ẹbí rẹ wá láti Ìlọrin," ló sọ fún Saeed. "Kí wọ́n sì tètè wá. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní lè tọ́jú iṣu dọ̀la."

Wọ́n so yìgì wọn lọ́jọ́ kan tí afẹ́fẹ́ tutù. Lẹ́mọ́mù ṣàdúà, ó gba ilé lọ. Ó wá ku kí ìyàwó dágbére. Saeed wà níta lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Shalom, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ, wọ́n ń gbọ́ bí inú ilé ṣe ń pa rọ́rọ́. Kíkẹ́olúwa ti kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n mú aṣọ ìnujú dání, pé ohùn kan ń bọ̀ tí wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ìdáyátù kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó la ẹnu. "Bàbá mi..."

Ohùn náà kò jáde. Ó tún gbìyànjú. "Bàbá mi, mo..." Ohùn tó ti borí gìtá, tó ti borí ìlù, tó ti pa ìyá ìyàwó ẹlẹ́ni lẹ́kún káàkiri Abuja, kò lè borí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí. Ẹkún gidi ló dé, ó sì gbé orin lọ.

Àǹtí Sàlímọ́tù ló bá a gbà á láti ẹ̀yìn. "Mo ń lọ o," ni ohùn àgbà náà wí. Àwọn obìnrin ilé gbè é. Níta, Saeed ń fi etí wá ohùn Ìdáyátù láàárín ohùn wọn, kò rí i. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi bọ́ lójú òun náà.

"Ta ni wọ́n ń mú lọ gan-an," ni Shalom bi í, "ìwọ àbí òun?"

Nínú ilé, Àlàájì Tájù tẹ̀ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ rẹ̀ dìde, ó sì fi etí agbádá nu ojú rẹ̀.

"Ó tó, Àjọkẹ́ mi," ló wí. "Mo ti gbọ́. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ."